Orí Kẹtàlá Nínú Ìwé Neville Tiplady

Ẹ̀dà mọ́kànlélógójì ìwé kan ṣoṣo ni Neville Tiplady ní nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe oríṣi ìwé mọ́kànlélógójì. Ìwé kan náà ni, lọ́nà mọ́kànlélógójì. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé, ọ̀kan ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ búlúù, ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà ogun lórí bébà tí kò dáa, ọ̀kan sì jẹ́ èyí tí ẹni tó ya àwòrán iwájú ẹ̀ ti kọ ojú ẹyẹ sódì. Tó bá jókòó tó ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn fún ọ, wàá gbàdúrà kí fóònù ẹ dún.

Orúkọ ìwé ọ̀hún ni Ìlú Abẹ́ Afárá. Ìyàwó àlùfáà kan ló kọ ọ́ lọ́dún 1931. Ìtàn ọmọ méjì ni, Hetty àti Wilf àbúrò ẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀yìn rìn gba abẹ́ afárá kan, tí wọ́n sì já sí ìlú kan tí orí ẹyẹ wà lọ́rùn àwọn ará ibẹ̀, tí òjò ibẹ̀ ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, tí ọba ibẹ̀ sì ń sùn nínú ìkòkò. Ká sòótọ́, ìtàn náà dùn. Kò sí ọmọ kan ní agbègbè Askerdale láyé ọjọ́un tí kò fi ẹ̀yìn rìn gba abẹ́ afárá rí, tí kò sì tìtorí ẹ̀ ṣubú sódò. Ìwé ọmọdé ni. Ọmọdé ni wọ́n kọ ọ́ fún, ọmọdé ló ń fi jáàmù kùn ún, ọmọdé ló ń fà á ya. Ó dìgbà tí àwọn ọmọ náà di bàbá arúgbó kí wọ́n tó sọ ọ́ di òrìṣà.

Neville ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò gbéyàwó. Ilé olókùúta kan ló ń gbé, lójú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tó ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì ni kíka mítà gáàsì. Ilé dé ilé, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó wo nọ́ńbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ilé mìíràn. Ẹni tó bá rí ìwé tó kún ilé ẹ̀ tó wá pè é ní ọ̀mọ̀wé, àánú onítọ̀hún ṣe mí, torí láti ogójì ọdún, mítà nìkan ni Neville kà. Ìwé, ó ń rà á, ó ń nù ún, ó ń wé e ní ọ̀rá bí ẹran tó fẹ́ wọ fíríìjì. Kíkà ńkọ́? Ẹ dákẹ́.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó ń gbádùn ara ẹ̀. Bí obìnrin tó ń pín lẹ́tà bá ti gbé páálí dé, Neville á pa iná kẹ́tùlù kí ooru omi má baà dé inú yàrá. Á fa kọ́tìnì kí oòrùn má baà wọlé. Á fọ ọwọ́, á nù ún, á wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí. Ìgbà náà ni yóò wá tú páálí, tí yóò gbé ìwé sún mọ́ imú, tí yóò di ojú. Òórùn àjà ilé, òórùn tábà, òórùn bisikíìtì tó ti rọ̀. Fún ìṣẹ́jú kan péré, gbogbo ojú ẹ̀ á tú ká, á tún di ọmọ ọdún méje tó jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé ìyá ẹ̀. Adùn yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá rí i lójú ẹ̀ lásìkò yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ràn ẹ̀. Lẹ́yìn náà á wé ìwé náà ní ọ̀rá, á tì í sórí pẹpẹ, ó parí. Kò ní ṣí i mọ́ láyé.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ni orí ẹ̀ dàrú báyìí. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹgbẹ́ Afárá ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lókè ilé ọtí kan, níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́ọ̀kì jẹ páì ẹlẹ́ran kí ọ̀rá má baà kan ọwọ́ wọn. Alága wọn ni Crowther, oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wo ẹ̀yìn ìwé bí ẹni ń wo erìgì. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa gòkè. Ohun tí wọ́n ń pè ní gígòkè ni pé bí èèyàn bá rí ẹ̀dà tó mọ́ ju tiẹ̀ lọ, kó rà á, kó sì ju èyí tó dọ̀tí nù. Ìwé tí wọ́n ti kà gbó, kò dáa. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí, kò dáa. Èyí tó dáa jù lọ lójú wọn ni èyí tí ọmọ kankan ò fẹ́ràn rí.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí tí Neville fúnra ẹ̀ ti gòkè gogoro. Ó rí ẹ̀dà àkọ́kọ́ pátápátá, ti ọdún 1931, tó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ kejì ló sọ ẹ̀dà tí wọ́n ti ń kà nílé wọn láti kékeré sínú àpò ìdọ̀tí. Ti ọdún 1931 lòun náà o, ìyá wọn àgbà ló rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ ti jábọ́, tíì ti dà sí i lára, Avril ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì ti fi kréyọ̀nù pupa ya bàtà sí ẹsẹ̀ gbogbo ẹyẹ inú ẹ̀. Ìwé yẹn ni Avril kà fún un lórí àtẹ̀gùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán ní ọmọ ọdún méje. Neville dì í mọ́ páálí kọ́ńfíléèkì, ó gbé e síta, ọkọ̀ akólẹ̀ gbé e lọ.

"Níbo ni ìwé wa wà, Nev?" ni Avril bi í nígbà tó wá kí i.

"Mo ti gòkè, Avril. Wá wo èyí. Ó mọ́ tónítóní."

"Mi ò bi ọ́ léèrè èyí tó mọ́."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún irinwó ọmọ ilé ìwé lójoojúmọ́, níbo ló ti fẹ́ ráyè ìjà lórí ìwé?

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀dà mímọ́ yìí. Ìtàn náà ní orí kan, orí kẹtàlá, tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ yọ kúrò nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Nítorí náà, nínú ẹ̀dà mọ́kànlélógójì tó wà nílé Neville, ogójì ni kò ní orí kẹtàlá. Ti ọdún 1931 nìkan ló ní in. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í gé etí bébà. Wọ́n á ká a pọ̀, wọ́n á rán an, ẹni tó bá ra ìwé ló máa fi ọ̀bẹ la etí ẹ̀ kó tó lè ṣí i. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀dà Neville la gbogbo ẹ̀, àfi orí kẹtàlá. Bóyá wọ́n ti kìlọ̀ fún un, bóyá oorun ló gbé e lọ. Ewé mẹ́jọ wà níbẹ̀ tí etí wọn ṣì so pọ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Crowther ní kò sí irú ẹ̀ mọ́ níbikíbi lágbàáyé, ó sì bọ́ fìlà. Àní bàbá tó lé ní ọgọ́rin ọdún bọ́ fìlà fún bébà.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, Neville lọ jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nílé Avril gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀. Wọ́n jẹ ẹran àgùntàn sísun pẹ̀lú ọ̀dùnkún, Avril sì gbé kọ́sítáàdì sórí tábìlì. Bó ṣe gbé ṣíbí ẹ̀ báyìí ló sọ ọ́.

"Dókítà ní ọpọlọ mi ti ń jò," ó wí, bí ẹni tó ń sọ pé páànù ilé ló ń jò. "Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni á máa lọ. Mo ti gbàgbé orúkọ ọkùnrin tó ń ta ẹja. Ìyẹn ò dùn mí, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kẹtàlá ti ń lọ, Nev."

"Orí kẹtàlá wo?"

"Ìwọ lò ń bi mí? Orí kẹtàlá! Ibi tí Hetty ti pọn Wilf kọjá ẹrẹ̀. Mo rántí pé ó pọ̀n ọ́n. Mo rántí ẹrẹ̀ yẹn. Mi ò rántí bóyá wọ́n dé òdì kejì. Mo jí lánàá, mo wá a nínú orí mi títí, kò sí níbẹ̀." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wá kà á fún mi kí n tó gbàgbé ẹni tí Hetty jẹ́. Tó bá ti kọjá ìgbà yẹn, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu mọ́."

"Mo máa wá nǹkan ṣe sí i."

"Kí lo fẹ́ wá? Ìwé wà lórí pẹpẹ ẹ."

"Wọn ò tíì la ibẹ̀, Avril."

"Là á."

"Kì í ṣe nǹkan tí èèyàn kàn ń là."

"Ọmọ ọkùnrin yìí, bébà ni o! Ṣé mo ní kó o la inú ẹ ni?"

Neville jẹ kọ́sítáàdì ẹ̀ tán, ó gba ilé Crowther lọ tààrà. Ẹ ò rí i? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń ṣàìsàn, oníṣègùn eyín ló lọ bá.

Crowther ní kó má la nǹkan kan. Ó fún un ní dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo eyín inú lọ́hùn-ún, ó ní kó máa yọjú wò ó. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Neville ń fẹ ẹnu bébà bí ẹni tó ń fẹ ẹnu àpò, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, dígí wà lọ́wọ́ ọ̀tún, gbogbo lẹ́tà ń hàn sí i lódìlódì, ó sì ń dà wọ́n kọ sínú ìwé àjákọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni, méje péré ló rí kà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ó gbádùn ẹ̀? Ó gbádùn ẹ̀ gan-an ni. Bó ṣe ń jí ọ̀rọ̀ kan yọ báyìí, inú ẹ̀ á máa dùn pé òun gbọ́n, ó sì gbàgbé ẹni tó torí ẹ̀ ń ṣe é fún odindi ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbà tó fi máa dé oṣù karùn-ún, Avril ti fi iná sítóòfù sílẹ̀ láìpa á lẹ́ẹ̀mejì. Philippa, ọmọ ẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, ti gba àyè fún un ní Beckside, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni Neville gbé ìwé àjákọ ẹ̀ lọ. Ó wọ táì. Ó wúkọ́ díẹ̀ láti tún ohùn ṣe.

"'Hetty pọn Wilf, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀.' Lẹ́yìn èyí, ojú ewé méjì ò sí. 'Bàtà mi ńkọ́? ni Wilf ń wí, bàtà mi ńkọ́?' Lẹ́yìn èyí, mẹ́ta ò sí. 'Àwọn olórí ẹyẹ dúró létí ibẹ̀, wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ sókè: mẹ́fà, méje.' Lẹ́yìn èyí..."

"Lẹ́yìn èyí, kò sí," ni Avril bá a parí ẹ̀. "Nev, ìtàn lò ń kà fún mi ni àbí mítà?"

Philippa rẹ́rìn-ín débi tí tíì gba imú ẹ̀ jáde. Neville ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n dé òdì kejì?" ni Avril bi í.

"Ibẹ̀ wà nínú èyí tó so pọ̀."

Philippa nu imú. "Ọ́ńkù Nev, ẹ la bébà náà. Ẹ bá mi gbé e wá, èmi á fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì là á fún yín."

"O ò mọ ohun tó ò ń sọ. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí ìwé yẹn ti wà bẹ́ẹ̀."

"Mọ́mì ò ní àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fẹ́ fi dúró! Wọn ò ní ọdún kan!"

"Philippa, má pariwo mọ́ àbúrò mi," ni Avril wí. "Ó máa là á. Nev, o máa là á, àbí?"

"Mo máa wá nǹkan ṣe sí i," ni Neville wí.

Philippa kọ̀wé sí ilé ìkàwé ńlá méjì. Ọ̀kan ní tàwọn ti jóná nígbà ogun. Èkejì fi fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní kó dúró de ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá jókòó. Ìgbìmọ̀ ò sì tíì jókòó títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù keje, Ọlọ́run ṣàánú Neville, ó rí ẹ̀dà ọdún 1931 mìíràn ní ọjà ìwé tí wọ́n ná ní York. Wọ́n ti la gbogbo ewé ẹ̀, orí kẹtàlá wà níbẹ̀ gbayawu. Ó ta mọ́tò ẹ̀ nítorí ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀: èyí tí yóò kà fún Avril ló rà, ó sì ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bó ṣe gbé e wọ rélùwéè. Àṣìṣe ẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí Crowther, tí wọ́n jọ lọ sí ọjà náà, jókòó ti òun. Crowther wọ ìbọ̀wọ́, ó gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, àwọ̀ ojú ẹ̀ yí padà.

"Tiplady, ẹ̀wù wà lára ẹ̀."

Bébà tó máa ń bo ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ń pè ní ẹ̀wù. Àwọn ọmọdé kì í jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fà á ya.

"Mo rí i," ni Neville wí.

"Kò tiẹ̀ ya rárá! Mẹ́ta péré ni mo mọ̀ tó ní ẹ̀wù láti ìgbà tí mo ti dáyé. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kà á fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kà á? Tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ ju báyìí lọ," ó fi ìka méjì hàn án, "ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣẹ́."

"Kò burú. Màá tọ́jú èyí, kí n la èyí tó wà nílé."

"Háà! Ẹ fẹ́ la ìyẹn, nígbà tí ẹnì kejì ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ìbejì ni wọ́n, Tiplady. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù, ọ̀kan ò tíì là. Kò sí ẹni tó ní méjèèjì pa pọ̀ lágbàáyé yìí, àfi ẹ̀yin."

Ọ̀rọ̀ "àfi ẹ̀yin" yẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Neville na ẹ̀yìn, ó tún táì ẹ̀ ṣe, ó wo ojú fèrèsé bí ọba tó ń wo oko ẹ̀. Kí rélùwéè tó dúró, orin ti kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò: ọkùnrin kan jáde nílé pé kóun lọ ra ìwé kóun lè rí ọ̀kan kà, ó padà délé, kò lè fọwọ́ kan méjèèjì.

Philippa ló pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

"Wọ́n ní ẹ ti rí òmíràn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ ṣeun, Ọ́ńkù, ẹ ṣeun gan-an. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Ìṣòro díẹ̀ wà. Ẹ̀wù wà lára ẹ̀."

"Ẹ bọ́ ọ!"

"Kò rọrùn bẹ́ẹ̀, Philippa."

"Lánàá, Mọ́mì bi mí bóyá Wilf ni orúkọ ọkọ àwọn. Bàbá mi, Ọ́ńkù. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹ̀wù yín."

Ó já fóònù mọ́ ọn létí. Ó dùn Neville o. Ẹ má rò pé kò dùn ún. Nígbà tó dùn ún tán, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ to ìbejì ẹ̀ síbi kan náà.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ọgbọ́n kan wá sí i lórí. Ẹ̀dà tó ti bàjẹ́ ni kóun wá, irú èyí tí èèyàn lè ṣí láìbẹ̀rù. Ó dìde nípàdé Ẹgbẹ́ Afárá, ó béèrè.

"Ta ló ní ti ọdún 1931 tó ti gbó? Ẹ̀yìn ẹ̀ ì báà ti jábọ́. Tíì ì báà ti dà sí i. Ọmọdé ì báà ti kọ ìkọkúkọ sí i. Kó ṣáà ti jẹ́ pé orí kẹtàlá wà níbẹ̀."

Sugden, ọmọ ẹgbẹ́ tó máa ń jókòó nídìí ọtí, ló kọ́kọ́ gbójú sókè.

"Mo ní ọ̀kan rí," ó ní. "Ti ẹ̀gbọ́n mi tó kú ni. Mo gòkè, mo wá fi í dáná nínú ọgbà."

Ẹnì kan ní tòun, òun fi ewé inú ẹ̀ wé àwo nígbà tóun ń kó kúrò nílé. Òmíràn ní òun ò tiẹ̀ rántí ohun tóun fi tòun ṣe, òun kàn mọ̀ pé ó ń rùn bí omitooro. Gbogbo wọn ló ti ní in. Gbogbo wọn ló ti jù ú nù. Ó wá ku Crowther.

"Èmi ju méjì nù," ó ní, ó ń wo páì iwájú ẹ̀. "Ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó mi, láti kékeré ẹ̀ ló ti ní in. Ó sunkún díẹ̀."

Ẹ wo àwọn àgbààgbà. Ìwé tí gbogbo wọn ní àwọn ń fi ẹ̀mí tọ́jú, àwọn gan-an ló pa èyí tó ṣeé kà nínú ẹ̀ run, wọ́n wá ṣẹ́ èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn kù. Wọ́n sì wọṣọ dáadáa ṣe é. Bàtà pupa tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn ẹyẹ Avril wá sí Neville lójú, ojú tì í, etí ẹ̀ gbóná. Ì bá dìde nígbà yẹn, kó gba ilé lọ, kó mú ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n Crowther wúkọ́, ó ní kí wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ búlúù, Neville sì jókòó. Oṣù méjì mìíràn tún kọjá lórí ìjókòó yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, Philippa tún pè é. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ló sì já Neville láyà.

"Tẹ́ ẹ bá máa wá, ẹ wá lónìí. Kẹ́tùlù ni Mọ́mì ń pè ní 'nǹkan gbígbóná yẹn'. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí ìyá wọn máa dé láti ọjà. Mi ò ní pè yín mọ́, Ọ́ńkù."

Neville fa ìwé tí etí ẹ̀ ṣì so pọ̀ yọ nínú ọ̀rá. Kò ráyè ìbọ̀wọ́. Ó tì í bọ àpò kóòtù bí ẹni tó ki búrẹ́dì bọ àpò, ó bọ́ sínú òjò, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Gbogbo bí bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ ló ń fi ọwọ́ tẹ àpò náà, ó ń sọ ọ́ nínú ara ẹ̀ pé kí Avril jọ̀ọ́, kó dúró de òun.

Avril jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní Beckside. Tíì wà níwájú ẹ̀ pẹ̀lú àkàrà òyìnbó kékeré kan àti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pa bọ́tà sí i. Nígbà tó rí Neville, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ara ẹ̀ yá gágá, Neville sì dúpẹ́ lọ́kàn ẹ̀.

"Mo ti gbé e wá, Avril. Orí kẹtàlá. Wò ó, mo fẹ́ là á."

Ó gba ọ̀bẹ náà, ó nù ún sára ṣòkòtò ẹ̀, ó kì í bọ ewé àkọ́kọ́, ó fà á. Ó dún kràà. Bébà tó ti gbẹ ò là tààrà, ṣe ló fà ya wúruwùru, èérún ẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ewé àkọ́kọ́ dùn ún bí eyín tí wọ́n fà yọ láìlo oògùn. Ìkejì dùn ún. Nígbà tó dé ìkẹta, kò dùn ún mọ́, ìyẹn gan-an ló wá bí i nínú: pé gbogbo ohun tóun ń bẹ̀rù láti oṣù kẹta, kò ju báyìí lọ! Bọ́tà yí etí ewé karùn-ún. Kò tiẹ̀ wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹrẹ̀ mu Hetty dé orókún, ó mu ún dé ìbàdí. Wilf ń ké lẹ́yìn ẹ̀ pé bàtà òun kan ti bọ́. Àwọn olórí ẹyẹ ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ sókè, wọ́n ń sọ fún un pé tó bá sọ ọmọ náà kalẹ̀, kíá ló máa kọjá. Hetty dá wọn lóhùn pé, "Ó wúwo, ó sì ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú un wá." Neville ò rántí gbólóhùn yẹn mọ́ rárá. Bó ṣe wá kà á, ohùn ọmọbìnrin kan tó jókòó lórí àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ tó kán wà lórí itan ẹ̀, ló gbọ́ létí ara ẹ̀. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó jẹ́ kó máa bọ́ sórí bébà.

Avril káwọ́ sórí itan, ó tẹ́tí títí dé òpin, ó ń mi orí níbi tó yẹ kó mi orí.

"Wọ́n dé òdì kejì," ni Neville wí. "Ṣé o gbọ́, Avril? Wọ́n dé."

"Inú mi dùn o," ni Avril dáhùn. "Ìtàn yẹn dára gan-an. Ẹ ṣeun, sà, ohùn yín dùn ún gbọ́. Ọmọ ta ni Hetty yẹn?"

Neville rọra pa ìwé náà dé.

Avril wá rí èérún bébà tó kún ilẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ sún mọ́ Neville, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣoore fún àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi ṣa ìdọ̀tí yìí kí Nev tó dé. Àbúrò mi ni. Tó bá rí i pé wọ́n ti la ìwé ẹ̀, kò ní wá wò mí mọ́."

Neville kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.